Tẹ̀lé, Ṣọ́, Dọdẹ: Ètò Fíìmù Akẹ́kọ̀ọ́ lórí Ẹni tí ń Ṣọ́ Ẹlòmíràn Kiri

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe fíìmù kúkúrú tí ń mú àyà já, lórí ẹni tí ń ṣọ́ ẹlòmíràn kiri, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ láti orí kámẹ́rà, iná àti owó. Wọ́n ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n wọn kọ́ ni ìpìlẹ̀. Ìbéèrè tí ó ṣáájú ni pé: ojú ta ni òǹwòran yóò fi wo ìtàn náà? Fíìmù méjì tí Christopher Nolan ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn.

Doodlebug (1997), tí ó ti inú ẹgbẹ́ oní-fíìmù University College London jáde, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Ọkùnrin kan ń fi bàtà lé ohun kékeré kan kiri inú yàrá. Ìgbẹ̀yìn ni òǹwòran mọ̀ pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni, ní ìwọ̀n kékeré. Bí ó ti tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ̀dà rẹ̀ tí ó tóbi jù ú lọ yọ lẹ́yìn, ó sì tẹ òun náà pa. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Yàrá kan àti òṣèré kan tó láti gbé èrò yìí jáde.

Ètò Following (1998) tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí dọ́là 6,000 ni wọ́n ná sí i. Àwọn òṣèré ní iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ya fíìmù náà, fún nǹkan bí ọdún kan. Wọ́n ń fi ìran kọ̀ọ̀kan dánra wò dáadáa kí wọ́n lè yà á lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Dúdú-àti-funfun ni àwòrán rẹ̀. Òjìji tí àìlówó fà ni ó wá bá ìtàn náà mu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin aláìríṣẹ́ kan tí ó fẹ́ di òǹkọ̀wé ni ó ń tẹ̀lé àwọn àjèjì ní ìgboro. Ó fi òfin de ara rẹ̀ pé òun kò ní í tẹ̀lé ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rú u. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí ó la ìṣubú yìí yé ni. Tẹ̀lé kò ní ẹ̀bi nínú: ọmọ ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ṣọ́ ní ojú méjì: ọdẹ adúgbò ń ṣọ́ ilé, olè náà ń ṣọ́ onílé. Dọdẹ ti sọ ènìyàn di ẹran.

Ibi tí fíìmù náà kù sí ni obìnrin inú rẹ̀, tí àkọsílẹ̀ àwọn òṣèré fi àwọ̀ irun rẹ̀ nìkan dá mọ̀. Lóòótọ́, òun náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀tàn tí wọ́n fi mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàápàá kò sì ní orúkọ níbẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n pa obìnrin náà láìjẹ́ pé òǹwòran fi ojú tirẹ̀ rìn ní òpópónà kan rí. Ọgbọ́n ẹni tí ń ṣọ́ni yé wa. Ẹ̀rù ẹni tí a ń ṣọ́ kò yé wa tó bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Láti 2015 ni òfin àpapọ̀ Nàìjíríà tí ó dènà ìwà ipá sí ènìyàn ti ka irú ìṣọ́ni-kiri báyìí sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí sì lè jókòó láàárín àwọn òǹwòran. Kí olùkọ́ ní kí ó kọ nǹkan méjì sí ẹ̀gbẹ́ ìran kọ̀ọ̀kan nínú ètò rẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń ṣẹlẹ̀, àti ojú ta ni a fi ń wò ó. Bí ojú ẹni tí ń dọdẹ bá gba gbogbo ojú ìwé náà, kí ó tún ètò náà ṣe kí ó tó yá kámẹ́rà. Ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹni, àti ọwọ́ tí ń gbọ̀n bí ó ti ń ti ilẹ̀kùn, kò ná ni lówó púpọ̀.