Orí Ọba Lára Owó: Àtúnkà Máàkù 12:13–17

Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà wàásù lórí Máàkù 12:13–17. Èkíní ni pé kí onígbàgbọ́ san owó orí kí ó sì dákẹ́. Èkejì ni pé bí ìjọba bá ti gba tirẹ̀, kí a mú ìdámẹ́wàá wá sí ilé Ọlọ́run. Méjèèjì fo ohun tí Jésù kọ́kọ́ ṣe. Ó ní kí wọ́n mú owó náà wá, Ó sì béèrè àwòrán àti àkọlé ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá ka owó náà kò tíì ka ẹsẹ náà tán.

Owó fàdákà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Jésù wò ní orí Tìbéríù, tí ó jọba láti ọdún 14 sí 37. Àkọlé rẹ̀ pè é ní ọmọ Augustus tí wọ́n ti sọ di òrìṣà. Ẹ̀yìn rẹ̀ pè é ní olórí àlùfáà. Pílátù náà rọ owó idẹ wẹ́wẹ́ ní Jùdíà. Kò fi orí ènìyàn sí i, ṣùgbọ́n ó ya ohun èlò ìbọ̀rìṣà àwọn ará Róòmù sí i. Nígbà tí kò sí ìwé ìròyìn tàbí rédíò, owó ni oníwàásù Késárì, ó sì ń wọ ilé gbogbo.

Kí ará Ẹ̀gbá má ka èyí sí ìtàn òkèèrè. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná kò ní orí ọba kankan. Láti 1907 ni kọ́bọ̀ oníhò ti ń wọlé, pẹ̀lú adé àti orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì lára rẹ̀. Ṣílè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní 1913 gbé orí George Karùn-ún sí iwájú, ó gbé igi ọ̀pẹ sí ẹ̀yìn: orí jẹ́ tiwọn, ọ̀pẹ jẹ́ tiwa. Ẹni tí ó bá ta èkùrọ́ ní Láfẹ́nwá, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, gba ìwàásù yẹn mọ́ owó rẹ̀.

Ní 1914 ni òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá dópin. Ní 1918 owó orí tuntun dé, ogun Àdùbí bẹ́, wọ́n sì hú ojú irin. Ní 1947 àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, tún dìde sí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ohun tí wọ́n ń béèrè ju iye owó lọ: ta ni ó ní àṣẹ lórí wa? Ìwàásù tí ó bá ní kí a sanwó kí a dákẹ́ kò dáhùn ìyẹn.

Aláwọ̀ funfun nìkan kọ́ ni ó ń ṣe é. Ní 1958 Gánà fi orí Kwame Nkrumah sí ara owó, àkọlé rẹ̀ lédè Látìn sì pè é ní ẹni tí ó tẹ orílẹ̀-èdè náà dó. Àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1966. Nígbà tí owó tuntun jáde ní 1967, orí rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní Jésù kò dárúkọ Jẹ́nẹ́sísì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Máàkù lò fún àwòrán náà ni Májẹ̀mú Láéláé lédè Gíríìkì lò ní Jẹ́nẹ́sísì 1:27. Tertullian, ará Kátéèjì ní Áfíríkà, ti kà á bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́: owó tí ó ní àwòrán Késárì jẹ́ ti Késárì, ènìyàn tí ó ní àwòrán Ọlọ́run jẹ́ ti Ọlọ́run. Nítorí náà, Késárì lè gba irin rẹ̀. Kò lè gba ẹni tí ó mú un lọ́wọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Kàlẹ́ńdà ìjọ, ìgò òróró, ańkásíìfù ìpàgọ́, sítíkà ọkọ̀: orí ta ni ó wà lára wọn? Bí ìdìbò bá sì súnmọ́, orí olóṣèlú wo ni a gbà kí wọ́n tẹ̀ mọ́ orúkọ ìjọ nítorí ẹ̀bùn tó fún wa? Ẹni tí a fẹ́ gbé ọwọ́ lé lórí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé agbo tí a fi lé òun lọ́wọ́ ti ní àwòrán tẹ́lẹ̀. Kí ó má ṣe tẹ tirẹ̀ lé e.