Ọwọ́ Rìwáyà Lára Ìjàpá

Ẹni tó bá fẹ́ yọ dánámò Volkswagen Ìjàpá kúrò, kó fi ọ́tánétọ̀ rọ́pò rẹ̀, sábà máa ń béèrè èyí tó lágbára jù lọ́jà. Rìwáyà tó mọṣẹ́ kì í tètè dá a lóhùn. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí ní Ọjọ́, l'Ékòó, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò tíì wo ẹ̀yìn dánámò rẹ̀ rí. Orí ọ̀pá rẹ̀ ni fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára wà, kò sì sí rédíétọ̀ tó máa gbà á sílẹ̀. Ọ́tánétọ̀ ọkọ̀ mìíràn kò ní ọ̀pá tó yọ sẹ́yìn láti gbé fáànù yẹn. Nítorí náà, ọ́tánétọ̀ Bosch áńpíà 55 tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ́ńjìnnì yìí ni rìwáyà máa mú. Nígbà tó bá ń dè é, á rí i pé ihò pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń gbà lára páànù ẹ̀yìn rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀.

Áńpíà 55 yẹn tó. Dánámò fóòtì 12 àtijọ́ kì í sábà ju áńpíà 30 lọ, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú nǹkan kan wá bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí iná iwájú fi ń ṣe bàìbàì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ alẹ́.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni régúlétọ̀ àtijọ́ wà. Ọ́tánétọ̀ tuntun ti ní tirẹ̀ nínú, nítorí náà rìwáyà á yọ ti àtijọ́. Wáyà tó nípọn, tó lè gbé áńpíà 55, á lọ láti B+ sí bátìrì. Wáyà DF tí kò níṣẹ́ mọ́, á dì í lórí dáadáa kó má fara kan irin.

Wáyà búlúù tín-ín-rín, èyí tó ń ti D+ lọ síbi gílóòbù pupa dáṣíbọ́ọ̀dù, ni mo fẹ́ràn jù. Iná díẹ̀ tó ń gba inú gílóòbù yẹn ló ń ta mágínẹ́ẹ̀tì ọ́tánétọ̀ jí. Bí gílóòbù bá ti jó, ọ́tánétọ̀ tó dá ṣáṣá lè má ṣàájì bátìrì. Rìwáyà rere á yọ gílóòbù wò kó tó ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra nǹkan.

Àwọn kan máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti fi dán ọ́tánétọ̀ wò. Ó ń dùn mí, torí ó lè ba dáyódì inú rẹ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mítà ló yẹ: nǹkan bíi fóòtì 12.6 kí ẹ́ńjìnnì tó jí, 13.8 sí 14.4 lẹ́yìn náà, kí iná iwájú àti wáípà máa ṣiṣẹ́. Bó bá já wálẹ̀ jù, rìwáyà á kọ́kọ́ yẹ wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ wò, torí ibẹ̀ ló máa ń tètè dógùn-ún.