Dùùrù Tíátà Nínú Iṣẹ́ Fẹlá Ṣówándé

Àwọn onímọ̀ orin tó ń kọ̀wé lórí Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) ti sọ ọ́ di àṣà láti máa sáré kọjá lórí iṣẹ́ jáàsì tó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹni pé owó oúnjẹ lásán ló ń wá kiri ní kílọ́ọ̀bù àti tíátà, tí iṣẹ́ olórin gidi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1943, nígbà tó gba FRCO, oyè tó ga jù lọ tí ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ti pẹ́ jù nílẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà kọ́ nídìí dùùrù tíátà ló gbé púpọ̀ nínú orin tó kọ fún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ró.

Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì: Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i, àlùfáà Áńgílíkà ni baba rẹ̀, T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips ló sì kọ́ ọ ní dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n orin gbà á mọ́ ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́. Ní 1936 ó tẹ píánò nínú eré Blackbirds, ó sì dá tẹ Rhapsody in Blue tí George Gershwin kọ. Ó bá Fats Waller, atẹpíánò jáàsì ará Amẹ́ríkà, tẹ píánò pọ̀, ó sì jẹ́ atẹdùùrù tíátà fún BBC.

Nítorí sinimá tí kò ní ohùn ni wọ́n ṣe sọ irú dùùrù yìí di ohun èlò tíátà, kí ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ odidi ẹgbẹ́ olórin, ìdí nìyí tí ó fi ní ẹ̀rọ tó ń mú ohùn gbọ̀n, àti ìlù òun agogo tí atẹdùùrù ń fi ìka pè láti orí bọ́tìnnì. Iṣẹ́ ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ni láti mú orin tí èrò ìwòran ti mọ̀ dáadáa, kí ó tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, kí ó máa pààrọ̀ aṣọ fún un láìjẹ́ kí ojú rẹ̀ pòórá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé Ṣówándé dé ìdí dùùrù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí Adelaide Hall, akọrin ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1939.

Ẹ wá wo Oyigiyigi, iṣẹ́ tí Ṣówándé kọ fún dùùrù lórí orin Yorùbá, tó ní ìfáárà, orin ìpìlẹ̀, àti àwọn ìyípadà lórí rẹ̀. Oníjáàsì a máa tẹ orin ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà a fọ́ ọ, a sì fi àwọn egungun rẹ̀ kọ́ òmíràn. Orin Yorùbá kò gba irú ìfọ́síwẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wà nínú orin náà, ẹni tó bá sì tẹ̀ wọ́n wọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ti sọ. Phillips, olùkọ́ rẹ̀, tẹnu mọ́ ọ̀ràn yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá ní 1953. Abẹ́ orin ni ìyípadà ní láti bọ́ sí, nínú àpapọ̀ ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó máa ń dún nínú jáàsì, àti nínú yíyàn ohùn dùùrù, bí ẹni ń tẹ̀lé akọrin tí kò gbọdọ̀ ṣìnà. Àwọn tó ń ka àpapọ̀ ohùn wọ̀nyí sí ẹ̀kọ́ tó gbà lọ́dọ̀ Edmund Rubbra àti George Oldroyd nìkan kò tíì fi etí sí rẹ́kọ́ọ̀dù 1939.

Òótọ́ ni pé àbá yìí kò kan gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: African Suite (1944), tó kọ fún ohun èlò olókùn àti háàpù, gba ọ̀nà tirẹ̀. Ibi tí ó ti múlẹ̀ jù ni àwọn orin ẹ̀mí tí àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà kọ nígbà oko ẹrú, tí Ṣówándé tún ṣe fún dùùrù. Àwọn tó ń wá Yorùbá nìkan nínú iṣẹ́ rẹ̀ a máa fo ìwọ̀nyí, àdánù ńlá sì ni. Ní oṣù Kẹjọ 1938, Waller jókòó sídìí dùùrù tíátà Compton ní sítúdíò HMV ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tẹ Go Down Moses sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Go Down Moses wà lára àwọn orin tí Ṣówándé fúnra rẹ̀ kọ fún dùùrù lẹ́yìn náà, síbẹ̀ a rí ìwé lórí Ṣówándé tó pe orúkọ Rubbra léraléra, tí kò sì dárúkọ Waller rárá.