Ta Ni À Ń Fi Rẹ́rìn-ín Nílé Jenifa?

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín, ni àwọn àgbà wí. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú Jenifa's Diary, eré alápá púpọ̀ tí Fúnkẹ́ Akíndélé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015. Suliat, ọmọ abúlé tó sọ ara rẹ̀ di Jenifa, wọ Èkó, òun àti Toyo Baby àti Kiki sì jọ ń gbé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Yaba. Láti Akọka dé Abúlé Ọjà àti Onike, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń da owó ilé jọ, ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin nínú yàrá kan. Ta ló lo gáàsì tán? Ta ló bu ọbẹ̀ tí a fi pamọ́? Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí yóò gbádùn eré yìí.

Gẹ̀ẹ́sì Jenifa ni orísun ẹ̀rín ibẹ̀. "Big girl" tó fẹ́ dà, "big geh" ló ń pè é. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Akíndélé fúnra rẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka níbí. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè kan dáadáa kò lè mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ kó dùn tó báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù Faransé kan, L'Auberge espagnole, tí Cédric Klapisch darí ní 2002. Xavier lọ kàwé ní Barcelona, ó sì bá àwọn ọ̀dọ́ láti Jámánì, Ítálì, Denmark, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn gbé fúláàtì kan. Wọ́n lẹ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù, kí ẹni tó bá gbé e lè mọ bí yóò ṣe dá ará ilé ẹnì kejì lóhùn. Nígbà tí ìyá Xavier pè, Wendy, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e. Ọ̀rọ̀ tí Faransé fi ń pe yunifásítì sì dún létí rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ rírùn. Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tí kì í ṣe òpè nínú èdè ẹlòmíràn. Ẹ̀rín ń yípo, ó ń kan gbogbo wọn.

Ilé Jenifa kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni onílé níbẹ̀, Jenifa ni ayálégbé. Òun àti Sege, tí Falz ṣe, ni à ń fi rẹ́rìn-ín. Ó ṣọ̀wọ́n kí a fi ẹni tí Yorùbá ń kọ́ lẹ́nu rẹ́rìn-ín.

Mo gbà pé Jenifa kì í tijú. Ó ń sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onírun, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa òun lẹ́nu mọ́. Àyà tó kì yìí ló gbé eré náà ró ju àṣìsọ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ojú Jenifa ń là sí i, àwàdà náà kò kúrò lójú kan.

Ẹ̀rín kì í parí sórí tẹlifíṣàn. Ọmọ tó ti Ìsẹ́yìn tàbí Adó-Èkìtì wọ Akọka, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Jenifa lọ́jọ́ kìíní tó lanu, lè má dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì mọ́. Kò sì gọ̀.

Apá kan wà tí mo ṣì ń retí. Kí fóònù dún nílé náà, kí ó jẹ́ ìyá àgbà kan láti abúlé, kí Jenifa má sí nílé. Kí ọlọ́yìnbó inú wọn gbé e, kí ó máa wá Yorùbá tí yóò fi kí màmá káàárọ̀. A ó rẹ́rìn-ín dọ́ba, ẹ̀rín náà yóò sì kárí.