Àmì Ohùn Lórí Ihò Eléérú

Láti Adó-Èkìtì sí Àkúrẹ́, kí èèyàn tún yà sọ́nà Ìsàrun, ilẹ̀ kì í ṣú báni lọ́nà. Agbègbè Ìsàrun yìí ni Ihò Eléérú wà. Lọ́dún 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti ikọ̀ rẹ̀ hú egungun èèyàn kan jáde níbẹ̀, egungun tó ti lo nǹkan bí ọdún 13,000 nínú ilẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìrísí agbárí egungun náà yẹ̀ wò lọ́dún 2011: ó gùn, ó rẹlẹ̀, ó jọ tàwọn èèyàn tó ti gbáyé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn.

Àwọn tó ń kọ irú ìtàn báyìí sórí Wikipedia lédè Yorùbá ni mo fẹ́ kí. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í gbowó iṣẹ́.  Ẹ wo orúkọ yẹn nìkan. “Iwo Eleru” làwọn ìwé àtijọ́ kọ, láìsí àmì. Ṣé ẹlẹ́rù ni, àbí ẹlẹ́rú? Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé eérú ni, ló wá fàmì lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tó bá kọ, á so ó mọ́ ìwé tó ti rí i. Ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ tó pọ́n torí pé kò tíì ní ojú-ewé, á di búlúù tó bá ti dá ojú-ewé náà sílẹ̀.

Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá nínú ihò náà ńkọ́, kí ni ká pè wọ́n? Òǹkọ̀wé náà ronú títí, ó tẹ̀ ẹ́: abẹ òkúta.