Ẹ̀fọ́ Lẹ́yìnkùlé, Ajá Lẹ́nu Géètì

Ní àdúgbò Ìkòròdú Industrial Estate, ohun tí etí máa kọ́kọ́ gbọ́ ni ariwo jẹnẹrétọ̀ àti tírélà. Ṣùgbọ́n ẹ yọjú wo ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé tó wà nítòsí: ewédú, ata àti ugu ń dán lórí ebè àti nínú àpò ìrẹsì tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ ká yìn ni. Èèpo irúgbìn ewédú yi. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ológbà á dì í sínú aṣọ, á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, kó tó fọ́n ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ọbẹ̀ ti dé.

Ajá tó ń ṣọ́ géètì irú ilé bẹ́ẹ̀ náà ń lé ewúrẹ́ àti òkété kúrò nídìí ẹ̀fọ́, àmọ́ ebè rírọ̀ ló fẹ́ràn láti sùn sí. Ẹni tó gbọ́n á fi ọparun sọgbà yí ebè ká, á sì wá ibòji fún ajá. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ni ajílẹ̀. Ti ajá kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́, nítorí aràn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ọdọọdún náà kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Wàhálà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sáré ra ewédú lọ́jà, olè kì í sì í dédé fo fẹ́ǹsì rẹ̀.