Ìyẹn Kọ́ Ni Kọ́mpósíṣọ̀n

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìwé kan wà tí gbogbo wa ti kọ rí, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. "How I Spent My Last Holiday" ni mo ń wí. Ẹ rántí, àbí? Ọmọ kan wọ bàálù lọ sí Èkó, ó rí òkun, àǹtí rẹ̀ ra áísìkirímù fún un, ó padà sílé tayọ̀tayọ̀. Ó parí.

Ìwé yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí kò tíì kú. Nígbà tí mo lọ ṣe T.P. ní abúlé kan ní Lágelú, mo bá a nínú ìwé àwọn ọmọ prámárì 5. Ọmọ tó jẹ́ pé oko ẹ̀gẹ́ ló ti lo họlidé, tí kò tíì dé Dùgbẹ̀ rí, òun náà wọ bàálù! Ojú bọ́ọ̀dù ló ti dà á kọ, wọ́n sì fún un ní 7 nínú 10.

Àléébù ìwé náà kì í ṣe gírámà. Kò sí ẹni tó ń wá nǹkankan nínú rẹ̀, kò sí ewu, kò sí ẹ̀rín. Ẹ wo àlọ́ tí ọmọ kan náà ń pa nílé: Ìjàpá kì í jókòó lásán, bí ebi ò bá pa á, ojúkòkòrò á máa dà á láàmú. Bí àwọn tó jókòó ò bá sì dáhùn, apàlọ́ ò lè bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ ní olùgbọ́. Báírò pupa nìkan ni kọ́mpósíṣọ̀n ní.

Lákòókò ìsinmi lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ọmọ oníbàálù yìí ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí òkété ṣe já mọ́ òun lọ́wọ́, bí òun ṣe lé e títí tóun fi kó sáàárín ìjàlọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó tún un sọ. Mo bi í pé, "Kí ló dé tóò kọ èyí?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu: "Sà, ìyẹn kọ́ ni kọ́mpósíṣọ̀n."

N ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru tíṣà. Ẹni tó ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀, táwọn òbí ń bi nípa kọ́mọ́ọ̀nù ẹ́ńtíráǹsì, ọ̀nà àbùjá ló máa wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ prámárì fún ọdún 6 gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ìjọba àpapọ̀ gba irú ọ̀nà yìí wọlé ní 2022. Ní November 2025, wọ́n wọ́gi lé e.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ọmọ má sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu kó tó kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo nu bọ́ọ̀dù. Mo ní kí ọmọ yẹn bọ́ síwájú sọ ti òkété, káwọn yòókù bi í léèrè, kí oníkálukú wá kọ tirẹ̀ ní Yorùbá, ká tó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Sípẹ́lì rẹ̀ burú jáì. Ṣùgbọ́n ó dìde wá bá mi nídìí tábìlì: "Sà, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ òkété?" Ṣáájú ọjọ́ náà, kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ mi rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún yẹ àwọn ìtàn tá à ń fi ránṣẹ́ sí ìwé ẹgbẹ́ wa wò. Mélòó nínú wọn ló ṣì ń wọ bàálù yẹn?